Òwú Tí A Fi Wọn Mùsílíù

Joju, Sàngó-Ọ̀tà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìn-ín-ní, 1989

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku. Ṣé ojú tó ń dùn yín tí ẹ bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ti ń gbádùn? Làtífátù ìyàwó mi ní kí n bá òun kí yín. Àpọ́nlé ọmọ wa náà ń kí bàbá àgbà. Òun náà ti di télọ̀, ó fi àlùmọ́gàjí ìyá rẹ̀ gé kọ́tìnì wa lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Bàbá, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìparí ọdún, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ mọ̀ pé ibi ìkẹ́rùsí ni mo wà ní ilé iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ike. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni mo máa ń gùn kí n tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo gun méje, èémí mi há. Mo ń fa afẹ́fẹ́, kò wọlé. Àyà mi ń dún fíì-fíì bí ẹni pé wọ́n ki ọmọ ológbò sí i. Gbọ́ládé, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló gbé mi jókòó títí ó fi rọlẹ̀.

Dókítà kan ní Ọ̀tà yẹ̀ mí wò. Ó ní ikọ́ fée ni, èyí tí wọ́n ń pè ní asíma. Ó gbé mi sórí ìwọ̀n: kílò méjìdínláàádóje! Nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n tún un gùn, ó rò pé ìwọ̀n ló bàjẹ́. Dókítà ní òun kò sọ pé ìsanra ló bí ikọ́ náà, àmọ́ ìsanra náà ló ń gbè é lẹ́yìn. Ikùn ńlá ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, kò jẹ́ kó ráyè na ara rẹ̀. Ó fún mi ní ike kékeré kan, ínhélà, tí mo ń fà sẹ́nu bí èémí bá fẹ́ há. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n máa dín ara kù díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé kí n febi pa ara mi o. Kí n dín òkèlè kù, kí n yé mu mínírà ẹlẹ́rìndòdò nídìí iṣẹ́, kí n sì máa rìn.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún awakọ̀ ní ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀pà fún wa mọ́ ná. Agbádá Iléyá tí ẹ máa ń rán fún mi náà, ẹ jẹ́ kó dúró ná, títí a ó fi mọ ibi tí ara yìí máa dé.

Ẹ má bínú sí mi.

Èmi ọmọ yín,
Mùsílíù

*

Ṣọ́ọ̀bù Àmọ̀dá Télọ̀, Ìwó
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, 1989

Mùsílíù ọmọ mi,

Àlékúmù sàlámù. Ojú mi ń gbádùn, mo rí lẹ́tà rẹ kà dáadáa, bí kò tilẹ̀ dùn ún kà. Kí Ọlọ́run wo àyà rẹ sàn. Mo ti ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ ṣe àdúà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Àmọ́ dókítà yẹn, ṣé òun fúnra rẹ̀ sanra? Ẹni tí kò ní ló máa ń sọ fún ẹni tó ní pé kó dà á nù. Ikọ́ ń ṣe ọ, wọ́n ní kí o má jẹun! Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ ṣe rí níbí fún ọ. Láti ìgbà tí SAP ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n yìí ti dé, aṣọ tuntun tí mo rán kò tó mẹ́wàá. Dídín ni mo ń dín. Hẹ́dímásítà gbé sáfárì kan ṣoṣo wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín in. Alága àwọn awakọ̀, ẹni tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ti ń fi okùn so ṣòkòtò. Gbogbo Ìwó ló ti rù. Mo mọ ẹni tí ebi ń pa ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ, nítorí èmi ni mo ń wọn ìbàdí rẹ̀.

Ìwọ nìkan ni n kò tíì dín aṣọ rẹ̀ rí, Mùsílíù. Agbádá rẹ ti èṣí, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí o tó dé. Àwọn tó ń kọjá ń béèrè pé, “Ta ló ni aṣọ ńlá yìí?” Mo ní, “Ọmọ mi tó wà ní Sàngó-Ọ̀tà ni.” Wọ́n ní, “Háà, Bàbá Mùsílíù, ẹ ti jèrè ọmọ!” Ṣé ìyẹn ni kí n gbé sọnù nítorí ọmọdé dókítà kan tó gbé okùn kọ́rùn?

N kò gbọ́ pé kí agbádá dúró. Mo ti ra gínnì aláwọ̀ ewé, ó wà nínú àpótí. Fi òwú ránṣẹ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé, bí o ti máa ń ṣe: kókó kan níbi tí ọrùn gùn dé, méjì níbi tí àyà dé, mẹ́ta níbi tí ikùn dé. Téèpù a máa purọ́, òwú kì í purọ́.

Awakọ̀ á gbé ẹ̀lùbọ́ fún ọ ní Toll Gate ní Sátidé. Jẹ ẹ́.

Bàbá rẹ,
Àmọ̀dá

*

Joju, Sàngó-Ọ̀tà
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta, 1989

Bàbá mi,

Mo kí yín kú oòrùn, mo kí yín kú ìmúra ààwẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i bá, á sì jẹ́ ká rí i parí.

Ẹ̀lùbọ́ dé. N kò ní purọ́ fún yín: ìlàjì rẹ̀ ni mo fún Gbọ́ládé. Ọmọ mẹ́fà ló ní, wọ́n sì ti dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. 

Mo ti ń rìn, Bàbá. Tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo máa ń fa ínhélà bí dókítà ṣe kọ́ mi, mo máa ń gbéra láti Joju lọ sí Toll Gate, màá sì rìn padà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó sinmi lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà sì ti sọ mí di oníbàárà láìní táyà, ó ti ń gbé àpótí sílẹ̀ dè mí. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń jókòó. Lórí ìwọ̀n, mo ti di kílò mọ́kànlélọ́gọ́fà. Àtẹ̀gùn mọ́kànlá ni mo ń gùn kí n tó sinmi, Bàbá! Mọ́kànlá!

Àwọn èèyàn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Olóúnjẹ ilé iṣẹ́ wa rí i pé òkèlè kan ni mo rà dípò mẹ́rin, ó rọra bi mí bóyá wọ́n ti já mi sílẹ̀ níṣẹ́. Ọkùnrin kan nídìí ẹ̀rọ pariwo pé, “Oga Musi, SAP don catch you o!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá onílé wa sì pe Làtífátù sẹ́yìn, ó bẹ̀ ẹ́ pé ohun yòówù tí ọkọ ì báà ṣe, oúnjẹ kọ́ la fi ń bínú. Làtífátù ní òun máa kọ páálí kọ́ mi lọ́rùn: “Ó jẹun o, dókítà ló ní kó rí báyìí.”

Òwú wà nínú àpò ìwé yìí. Èmi àti Làtífátù la jọ wọ̀n ọ́n. Ẹ ó rí i pé ti ikùn ti kúrú. Mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá máa gé aṣọ náà ṣáá, bí òwú yìí ṣe wí ni kí ẹ gé e.

Ọmọ yín,
Mùsílíù

*

Ìwó
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1989

Mùsílíù,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ará ilé rẹ.

Òwú rẹ dé. Kò péye. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo gbé ti èṣí tì í, kókó mẹ́ta ti ikùn fi ìka mẹ́rin kúrú. Mo ní kò burú, Làtífátù kì í ṣe télọ̀. Bóyá o fa ikùn mọ́ra, bóyá ìhòòhò ni o wà nígbà tí ó wọ̀n ọ́. Ogójì ọdún ni mo ti ń wọn èèyàn. Mo ti fi òwú èṣí gé aṣọ náà, mo sì fi ìka méjì lé e bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré, nítorí ọmọ a máa kún aṣọ ni.

Ẹnì kan ti Sàngó dé, ó sọ ní mọ́sálásí pé òun rí ọ létí títì márosẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́, o ń rìn, o ń làágùn, o kò ru nǹkan kan. Wọ́n bi mí bóyá o kò rówó ọkọ̀ mọ́. Kí ni kí n fèsì? Ẹ̀lùbọ́ tí mo fọwọ́ ara mi yàn lọ́jà, o tún kó o fún ẹlòmíràn!

Gbọ́ mi o. Ara ìyá rẹ ni o gbé wá sáyé. Bí o bá wọlé, tí o kún ẹnu ọ̀nà, bíi pé Hàlímọ̀tù ló wọlé ni. Ìyẹn nìkan ló kù lára rẹ̀ tí mo lè fojú rí. Bí o bá máa wọ Ìwó ní Iléyá bí ẹyọ ìgbálẹ̀, má gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Gba ẹ̀yìnkùlé.

Ààwẹ̀ ń bọ̀. Jẹ sààrì kó yó ọ.

Àmọ̀dá

*

Joju, Sàngó-Ọ̀tà
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún, 1989

Bàbá wa,

Èmi Làtífátù ni mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọdún ìtúnu tó kọjá. Kí ẹ tó ka èyí tó kù: ọmọ yín wà láàyè. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ kà á.

Nígbà tí lẹ́tà yín ti oṣù kẹta dé, ó kà á, ó ká a, ó fi í sápò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n fún òun ní òkèlè mẹ́rin. Mo ní kí ló dé? Ó ní, “Agbádá Bàbá mi kò gbọdọ̀ jọ aṣọ tí wọ́n fi wọ igi nínú oko.” Láti ọjọ́ náà ló ti pa ìrìn tì, ó ní àwọn èèyàn ń ròyìn òun dé Ìwó. Nínú ààwẹ̀, bó ti ń jẹ sààrì ni ó ń jẹ ìṣínu. Bàbá, n kò rí irú rẹ̀ rí. Kò gbádùn oúnjẹ náà. Ó ń jẹ ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n mú pàṣán dúró tì. Tí mo bá bẹ̀ ẹ́, ó máa ní, “Ìwọ kọ́ lo bí mi.” Nígbà tí ọdún fi máa dé, ó ti di kílò mọ́kànléláàádóje, ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ínhélà rẹ̀ tán lọ́sẹ̀ ọdún. Kò sí ní gbogbo ilé oògùn tí mo dé ní Ọ̀tà. Èyí tí mo rí ní Sàngó, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ó ní ká jẹ́ kí owó oṣù wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ọdún, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta péré. Gbọ́ládé àti ọkùnrin mẹ́ta míì ló gbé e dé inú ọkọ̀ ẹrù. Nígbà tí mo dé ọsibítù, ètè rẹ̀ dúdú, wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ inú agolo sí i nímú. Ọjọ́ mẹ́fà la lò níbẹ̀. Ó ti wá sílé báyìí, ó ń sùn ní ìjókòó.

Dókítà bi í bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ní irú àìsàn yìí. Ó ní rárá, inú rírùn ló pa ìyá òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Dókítà ní ṣé ó dá a lójú? Ni ọmọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, “N kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn.”

Bàbá wa, ta ni mo jẹ́ tí màá bá yín wí? Ohun méjì ni mo ń tọrọ. Ṣé inú ló pa Ìyá wa lóòótọ́? Ìkejì: ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí i pé kí ó rù. Tí èmi bá sọ ọ́ títí di ọ̀la, kò lè gbọ́. Ẹnu yín ló ń wò.

Ìyàwó yín,
Làtífátù

*

Joju, Sàngó-Ọ̀tà
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, 1989

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ṣé dáadáa ni mo bá yín?

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí Làtífátù ti kọ̀wé, a kò rí èsì. Nígbà tí wọ́n dá ìgboro rú nítorí SAP, mo ń sọ fún ara mi pé ọkọ̀ lẹ́tà ni kò rìn. Àmọ́ awakọ̀ dé ní Sátidé, ó ní ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ti ṣọ́ọ̀bù àfi lọ́jọ́ Jímọ̀! Ẹ̀rù bà mí. Tó bá jẹ́ pé inú ń bí yín, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́, kí n ṣáà rí ọwọ́ yín lórí ìwé.

Mo ti padà sí ìrìn. Kò jìnnà, mi ò tíì kọjá ibi tí ọkùnrin tó ń lẹ táyà wà. Ó ṣì gbé àpótí náà sílẹ̀ dè mí. Ó ní òun rò pé mo ti ra mọ́tò ni.

Bàbá, mi ò ṣe orí kunkun sí yín rí láyé mi. Èyí nìkan ni. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrù, ohun tí mo rí ni Àpọ́nlé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bí mo bá lọ, wọ́n á sọ nǹkan kan fún òun náà nípa mi, á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, màá dín ara yìí kù. Tí agbádá bá ṣófo lára mi, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá ní kí n gba ẹ̀yìnkùlé, màá gba ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ màá wá láàyè.

Ọmọ yín,
Mùsílíù

*

Ìwó
Ogúnjọ́, oṣù kẹfà, 1989

Mùsílíù, ọmọ Hàlímọ̀tù,

Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ lẹ́tà. Lẹ́tà ìyàwó rẹ ti dé kí ìgboro tó dàrú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo mú gègé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fa ìwé ya. Mo ti ṣọ́ọ̀bù nítorí ojú ń tì mí.

Inú kọ́ ló pa ìyá rẹ. Ikọ́ fée ni. Àyà rẹ̀ ń dún fíì-fíì bí tìrẹ yìí gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́, ibi ọmọ ológbò yẹn ni mo ti mọ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé kó dín ara kù. Ó wá sọ ọ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Hàlímọ̀, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé Àmọ̀dá kò lè bọ́ ìyàwó ni?” Ara rẹ̀ ni pátákó ṣọ́ọ̀bù mi nígbà náà. Tí ó bá fi òkèlè sílẹ̀, mo máa bu ẹran lé e. Ó ń jẹ ẹ́ nítorí mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ ṣe jẹ ẹ́ nítorí mi nínú ààwẹ̀ yìí.

Ọ̀sán ọjọ́ Alámísì kan ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí máṣíìnì mi, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn. Mo ń rán kọ́là lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ àyà rẹ̀, mo ní kó mu omi. Kí n tó rán kọ́là náà tán, kò dún mọ́. Ìwọ wà níta, ò ń ṣeré. Nígbà tí o béèrè, mo ní inú ló rùn ún, nítorí n kò lè sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé èmi ni mo ń bu ẹran. Ọdún ń gorí ọdún, n kò rí i sọ mọ́.

Òwú rẹ̀ ṣì wà nínú agolo bisikíìtì tí mo ń kó bọ́tìnnì sí. Mo mú un jáde, mo tẹ́ ẹ ti òwú rẹ ti èṣí. Kókó mẹ́ta ṣe déédé pẹ̀lú kókó mẹ́ta. Mùsílíù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òwú tí o fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹta péye. Èmi ni n kò fẹ́ gbà á gbọ́. Dárí jì mí.

Mo tú agbádá náà, mo sì fi òwú oṣù kẹta gé e. O mọ àlékún tí a máa ń fi sínú ojú rírán, kí a lè tú u bí ara ẹni bá tún kún? Mo gé e dànù. Òun ni mo fi rán fìlà fún Àpọ́nlé. Lẹ́yìn náà ni mo gbé agbádá kọ́ ẹnu ọ̀nà. Hẹ́dímásítà kọjá, ó ní, “Bàbá Mùsílíù, SAP ti kan ilé yín náà nìyẹn!” Mo ní, “Kì í ṣe SAP. Èmi ni mo ní kí ọmọ mi rù, kó lè máa mí.” 

Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé agbádá náà kò ní gbà ọ́ ní ọdún yìí, nítorí ohun tí lẹ́tà mi fi ṣe ọ́. Má kánjú. Má febi pa ara rẹ torí aṣọ. Bùbá lásán ni kí o wọ̀ wá. Agbádá á dúró dè ọ́, ì báà di àmọ́dún. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni kí o gbà wọlé, kí o jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá rẹ kí gbogbo ayé rí ọ.

Sọ fún dókítà pé ìyá rẹ ní in. Bá mi kí Gbọ́ládé. Sọ fún Làtífátù pé ọ̀rọ̀ tó kọ sí mi, ọmọ tí mo bí nínú mi ló lè sọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Àmọ̀dá

Mo ti fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò ìwé yìí pa kí n tó rántí. Mo fẹ́ rán àpò kékeré kan sínú agbádá náà, níbi àyà lápá òsì, níbi tí ọwọ́ kan lè tètè dé. Ínhélà nìkan ló wà fún, má kó owó sí i. N kò rí nǹkan náà rí, n kò mọ bó ṣe tóbi tó. Kí Làtífátù fi òwú wọ̀n ọ́n ránṣẹ́ sí mi.